Ta Ló Ń Ṣe "Hẹn-ẹn"?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ èdè àti àwọn òbí sọ ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín. Ẹ kú ooru, ẹ kú ìdúró dè mí. Mo gbọ́ bí ẹ ti dáhùn yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé ẹ dáhùn, màá padà síbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ń kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ mi láti Amẹ́ríkà. Orí Zoom la ti ń pàdé. Ilẹ̀ á ti ṣú ní Ìbàdàn níbí, ọ̀sán ṣì ni lọ́dọ̀ tiwọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó kàn án láti sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún nípa ìdílé rẹ̀. Mo ti kọ́ wọn pé ọmọbìnrin a máa kúnlẹ̀ kó tó bá àgbà sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe pe orúkọ rẹ̀ báyìí, ó dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀, a ò sì rí i mọ́. Ògiri yàrá rẹ̀ nìkan ló kù lójú kọ̀ǹpútà. Ìsàlẹ̀ la ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, torí èmi fúnra mi ti pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn pa ohùn ẹ̀rọ rẹ̀. Ó tún un kí. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó dìde, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Ìkúnlẹ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ náà ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Àwa tí ó ń kí ni a ò sí níbẹ̀.

Ohun tí ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni ojú tí àwọn tó ń kọ́ èdè fi ń wo dídìde sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, èyí tí àwọn ọmọ yunifásítì ń pè ní prẹsẹntéṣọ̀n: ṣé ti orí ayélujára ló wù wọ́n ni, àbí ti inú kíláàsì? Kó tó di ọdún 2020, ìbéèrè yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kàn wá níbí. Oṣù kẹta ọdún yẹn ni àrùn kòrónà ti ilé-ìwé, oṣù yẹn náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di oṣù kejìlá. Ìyanṣẹ́lódì mìíràn tún dé ní ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ẹni tí kò fẹ́ jókòó lásán nínú wa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù kọ́ni. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá wàyí.

Bí sáà bá ti ń parí, mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè pé, "Níbo ló wù ọ́ kí o ti sọ̀rọ̀?" Àwọn tójú máa ń tì ló sábà máa ń dárúkọ Zoom. Wọ́n á ní ọkàn àwọn balẹ̀ nínú yàrá àwọn. Wọ́n á ní ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ẹlòmíì ò rí. Wọ́n á ní ẹsẹ̀ àwọn lè máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Wọ́n á sì ní bí àwọn bá ṣi ohùn gbé, àwọn ò ní gbọ́ ẹ̀rín. Àwọn tó fẹ́ inú kíláàsì kì í ní àròyé púpọ̀. Èyí tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni, "Mo fẹ́ rí ojú wọn, kí n lè mọ̀ bóyá ó yé wọn."

Ẹ jẹ́ ká gbé ti ẹ̀rín yẹn wò dáadáa, torí mo gbà pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀.

Ní ọdún 1986, Elaine Horwitz, Michael Horwitz àti Joann Cope gbé òṣùwọ̀n kan jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi ń wọn ìbẹ̀rù ẹni tó ń kọ́ èdè àjèjì nínú kíláàsì. Gbólóhùn 33 ló wà nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á sọ bóyá òun gbà pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan tàbí òun kò gbà. Ọ̀kan nínú gbólóhùn náà dá lórí ìbẹ̀rù pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù á fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá la ẹnu. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń lò ó káàkiri ayé. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé, nínú ohun tí wọ́n ló ń dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́, ojú tí àwọn ẹlòmíràn yóò fi wò ó wà lára rẹ̀ gan-an. Èdè fúnra rẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan. Etí tó ń gbọ́ ọ ló ń bà á lẹ́rù.

Àwa ará Ìbàdàn náà sì fẹ́ràn ẹ̀rín. Àjèjì á dé Bódìjà, á ní òun fẹ́ ra igbá, á pè é bí ẹni ń ka igba, ìyá ọlọ́jà á ti bú sẹ́rìn-ín, á pe ẹnìkejì rẹ̀ kó wá gbọ́. Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Inú ìyá yẹn dùn pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá ń gbìyànjú láti sọ èdè òun. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń rín kò mọ ohun tó wà nínú ìyá yẹn. Ẹ̀rín ló gbọ́.

Agùnbánirọ̀ kan wà, ọmọ Ìgbò, tí wọ́n rán wá sìn ní Ìbàdàn. Agbowó ló ń gbé. Ó dara pọ̀ mọ́ kíláàsì tí mo ń ṣe ní ọjọ́ Sátidé. Èdè Ìgbò náà ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò lo ohùn àárín bí àwa ṣe ń lò ó, ibẹ̀ ló sì ti máa ń nira fún wọn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dìde sọ̀rọ̀, ìrìn àjò rẹ̀ wá sí Ìbàdàn ló fẹ́ sọ. Ó ní, "Mo dé Ìwó Road. Mo wọ ọkọ́. Ọkọ́ náà kún." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ́ tí a fi ń roko ló kún! Àwọn tó rẹ́rìn-ín jù ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ dàgbà, tí wọ́n ń gbọ́ èdè tí wọn ò lè sọ ọ́, tí àwọn náà wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi. Bóyá ó tù wọ́n lára pé ẹlòmíràn ló ṣì í lọ́jọ́ yẹn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní láti sọ ìyẹn fún yín. Odindi Sátidé mẹ́ta ni ọmọ náà fi wá, tó jókòó, tí kò la ẹnu.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Owó ọkọ̀ fò sókè, ọ̀pọ̀ kò lè wá mọ́, a gbé kíláàsì lọ sórí Zoom. Ọ̀sẹ̀ kejì tí a débẹ̀, ọmọ yìí sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Kò ṣi ohùn kan gbé. Inú mi dùn débi pé mo ń pàtẹ́wọ́ nínú yàrá mi lémi nìkan. Nígbà tó yá ni etí mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura. "Mo lọ sí ọjà," ó ní, ó pe "sí," ó dúró díẹ̀, ó pe "ọjà." "Mo fẹ́ ra ẹran." "Mo pàdé rẹ̀ ní ọjà." Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè wa mọ ohun tí mo ń wí. Ẹnu Yorùbá kì í sọ̀rọ̀ báyẹn. Sọ́jà là ń lọ, ẹran la fẹ́ rà, a ní a fẹ́ rẹran, lọ́jà la sì ti ń pàdé èèyàn. Fáwẹ́lì a máa jẹ fáwẹ́lì lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ojú ìwé nìkan ni gbogbo wọn ti ń dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ lórí.

Mo pè é lẹ́yìn kíláàsì. Kò purọ́ fún mi. Ó yí kámẹ́rà, mo rí ìwé mẹ́rin tó lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Bí mo bá kà á, wọn ò ní rẹ́rìn-ín."

Nígbà náà ló yé mi pé, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní Zoom ló wu òun, ó lè jẹ́ ibi tó ti ń sá bọ̀ ló ń sọ fún mi. Àwa ló sá fún. Zoom gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rín, kò sì fi èdè kún èdè rẹ̀. Ó di ẹni tó ń kàwé sókè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, ó parí nìyẹn, ká padà sínú kíláàsì, ojú lọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má yára. Ìlú wa yìí ni tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959. Ọdún mélòó la ti ń gbọ́ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní Ìbàdàn, tí wọn ò rí ojú wa, tí a ò rí tiwọn, tí a sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín, tí a ń bá wọn jiyàn nínú mọ́tò? Èèyàn lè bá ẹni tí kò rí sọ̀rọ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó mọṣẹ́ mọ̀ pé ìyá kan ń gbọ́ òun nídìí ààrò, ìyá yẹn ló ń bá wí. Kò pẹ́ ni fóònù á dún, ẹnìkan á pè wọlé láti dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ojú gan-an tún ní ẹ̀yìn. Wọ́n kọ́ àwa pé ọmọdé kì í tẹjú mọ́ àgbà bó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Àwọn olùkọ́ èdè òyìnbó ń pa á láṣẹ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ wo àwọn olùgbọ́ lójú, wọ́n á sì yọ máàkì bí kò bá wò wọ́n. Mo ti rí ọmọ ọdún 17 tó ń sọ Faransé dáadáa, tí ọ̀rọ̀ ń já mọ́ ọn lẹ́nu torí olùkọ́ rẹ̀, ẹni tó tó bàbá rẹ̀, jókòó síwájú, ó ń dúró kó wo òun lójú. Lórí Zoom, ihò kámẹ́rà ló ń wò. Kò ṣàfojúdi sí ẹnikẹ́ni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí ìtura gidi lórí ayélujára, kò sì yẹ ká gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe sí ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde lórí èdè mẹ́wàá láti ọ̀nà jíjìn síra wọn. Yorùbá kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n wọn àkókò tó wà láàárín ìgbà tí ẹnìkan bèèrè ọ̀rọ̀ àti ìgbà tí ẹnìkejì dáhùn, wọ́n sì rí i pé ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan ni. Kí ẹ tó ṣẹ́jú tán, ìdáhùn ti dé. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wá ń fà, tí "hẹn-ẹn" tí mo ṣe lónìí kò dé etí akẹ́kọ̀ọ́ títí tó fi bọ́ sínú gbólóhùn mìíràn, kí ni yóò rò? Ẹni tí èdè náà jẹ́ tirẹ̀ á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹni tó ń kọ́ ọ á ní òun ti ṣì í sọ.

Ẹ tún lọ pa àlọ́ lórí Zoom, kí ẹ wò ó. Apàlọ́ á ní, "Ààlọ́ o!" Èèyàn mẹ́wàá á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, "Ààlọ̀!" Ariwo lẹ̀rọ náà á kà á sí. Ohùn ẹnì kan tàbí méjì ni yóò gbé jáde, á gé ti àwọn yòókù wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Àwọn tó ṣe é ronú nípa ìpàdé, níbi tí ẹnì kan ti ń sọ̀rọ̀ tí ìyókù ń dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tiwa kì í rí báyẹn. Ẹni tó ń gbọ́ wa ń bá wa sọ ọ́ ni, bí ẹ ti dáhùn nígbà tí mo kí yín lẹ́ẹ̀kan. Bí oníjàálá bá ń sun ìjálá, oníjàálá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè já lu ohùn rẹ̀, kó ní ibi tó sọ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ti wíwo ara ẹni náà tún wà níbẹ̀. Jeremy Bailenson ti Yunifásítì Stanford kọ̀wé ní ọdún 2021 lórí ìdí tí ìpàdé orí fídíò fi ń rẹ èèyàn, ó sì ka rírí àwòrán ara ẹni láìdáwọ́dúró mọ́ ọn. Ẹ ro ti ẹni tó ń wá bí ètè òun yóò ṣe pe "gbangba," tó sì ń wo ètè náà bó ṣe ń gbọ̀n. Zoom fún wa láyè láti gbé àwòrán ara ẹni kúrò lójú ara ẹni, kí àwọn ẹlòmíràn ṣì máa rí i. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo fi èyí hàn kò mọ̀ pé ó wà.

N ò ní pẹ́ lórí iná àti dátà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ń fi fóònù kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ ní Agbowó, tí iná lọ láàárín gbólóhùn, kò yẹ kó pàdánù máàkì. Ẹni tí kò sanwó fún Zoom kò lè ju ìṣẹ́jú 40 lọ lórí ìpàdé kan, ẹni tó bá kàn kẹ́yìn á wá máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ẹ jẹ́ ká máa yí ẹni tó kàn kẹ́yìn padà, ó kéré tán.

Ohun tó wá yí mi lọ́kàn padà pátápátá ni ìyá àgbà kan ní Òkè-Àdó.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo ti ń kọ́ ọ lórí Zoom fún bí oṣù mẹ́fà. Bí mo bá ní kó sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta, á sọ ti ìṣẹ́jú kan, á ní ó tán. Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí kí ìyá àgbà wá gbọ́ ọ. Ẹnìkan bá màmá tan fóònù ní Òkè-Àdó, ó wọlé. Kò sẹ́ni tó kọ́ màmá bí wọ́n ṣe ń pa ohùn ẹ̀rọ. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀: "Mo lọ sí ilé-ìwé." Màmá ní, "Hẹn-ẹn, o lọ sílé-ìwé." "Ọ̀rẹ́ mi ṣubú." "Yéè! Ó ṣubú? Níbo?" "Ní... ní ìta." "Nínú yìnyín yẹn?" "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn." "Hẹn-ẹn. Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Kí lo wá ṣe?" Ìṣẹ́jú méjìlá ni mo kà lójú aago mi, mi ò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ tí ń ka gbólóhùn bí ẹni ń san gbèsè wá ń wá ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, torí ìyá àgbà fẹ́ mọ bí ìtàn náà ṣe parí.

Orí Zoom kan náà ni o. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà, àwòrán màmá ń dúró gbọnin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, iwájú orí rẹ̀ nìkan la sì ń rí.

Ẹ wo bí màmá ṣe tún èdè ọmọ náà ṣe. Kò ní "o ṣì í." Ó gba gbólóhùn náà lẹ́nu rẹ̀, ó sọ ọ́ bó ṣe tọ́, ó béèrè ohun tó kàn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ èdè mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Roy Lyster àti Leila Ranta wo kíláàsì àwọn ọmọ tó ń kọ́ Faransé ní Kánádà, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní ọdún 1997 pé òun ni àwọn olùkọ́ ń lò jù, àmọ́ pé lọ́pọ̀ ìgbà àwọn ọmọ kì í tún gbólóhùn wọn sọ bó ṣe tọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbà, torí mo ti rí i lọ́dọ̀ tèmi. Nítorí náà, mo máa ń kọ èyí tó bá ṣì sílẹ̀, a ó padà sórí rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá parí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ lọ́wọ́, hẹn-ẹn ló kù.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Lórí Zoom, n kì í jẹ́ kí olùgbọ́ ju mẹ́rin lọ fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nígbà àkọ́kọ́. Mo máa ń yan ọ̀kan nínú wọn ṣe elégbè, kò gbọdọ̀ pa ohùn ẹ̀rọ rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gbè é, kó máa ṣe hẹn-ẹn, kó béèrè ohun tó wù ú ní tòótọ́. Èmi náà ń fún elégbè ní máàkì, torí iṣẹ́ ni. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè pa kámẹ́rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bó bá fẹ́. Ìwé tó lè mú dání kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọ̀rọ̀ márùn-ún ni kó kọ sí i, kò gbọdọ̀ sí gbólóhùn níbẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀méjì báyẹn, bó bá wà ní Ìbàdàn, a ó jọ wá sínú kíláàsì, elégbè rẹ̀ á jókòó síwájú gan-an. Ní ti kíláàsì, òfin kan ni mo fi lélẹ̀: ẹ̀rín kò gbọdọ̀ ṣáájú hẹn-ẹn. Ẹ gbọ́ ọ tán ná, ẹ dá a lóhùn. Bó bá rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ bá a rín in.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń gba fídíò tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ká sílẹ̀ nílé, wọ́n ń pe ìyẹn náà ní ọ̀rọ̀ sísọ. N ò fara mọ́ ọn. Ó dára fún kíkọ́ ohùn, kí ọmọ gbọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ká ní ìgbà 15 kó tó fi ránṣẹ́, àkọ́sórí ni, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Bí dátà kò bá tó fún Zoom, kó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí elégbè rẹ̀ fi ohùn dá a lóhùn, kó tún fèsì. Ìyẹn sàn ju fídíò náà lọ.

Ẹ óò bi mí pé agùnbánirọ̀ ńkọ́? Sátidé tó kẹ́yìn kó tó parí ìsìnrú ìlú rẹ̀, ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì. Mo béèrè ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní ìrìn àjò òun wá sí Ìbàdàn. Kò mú ìwé dání. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ títí, ó dé Ìwó Road, ó dúró. Mo rí i tó ń wá ohùn náà lọ́nà ọ̀fun. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ jókòó sídìí fèrèsé. Òun ló sọ̀rọ̀.

"Hẹn-ẹn," ó ní, "o dé Ìwó Road."

"Mo dé Ìwó Road," ni ọmọ náà wí. "Mo wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ náà kún."

"Hẹn-ẹn! Ta lo wá jókòó tì?"

Ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.